Ìyá Ọ̀bọ Orí Òrùlé

Ọjọ́ Ajé ni ìyá ọ̀bọ náà kọ́kọ́ gun orí òrùlé yàrá masáàjì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Hassanat ń fi òróró wọ́ ẹ̀yìn oníbàárà kan lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ rò pé ọmọ ènìyàn ló ń sunkún níta. Oníbàárà náà gbórí sókè.

"Ṣé ẹ máa ń gba ọmọdé láyè níbí ni?"

"Rárá o, Mà. Ọ̀bọ ni."

"Ọ̀bọ wo ló ń ké báyìí?"

Hassanat tún da òróró sọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọgbà Ìsun, kò sì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yìn Ìsọlọ̀ ni Ọgbà Ìsun wà, níbi tí ilé parí sí tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Omi tútù kan ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn igi ńláńlá, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì mú un gbẹ rí. Àwọn tó ra ilẹ̀ náà mọ odi yí i ká, wọ́n gbẹ́ adágún tí àwọn olówó ń wẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ yàrá tí wọ́n ti ń fi òróró wọ́ra fún wọn. Àwọn ọ̀bọ orí igi ti wà níbẹ̀ kí odi tó dé. Òfin ìjọba dáàbò bò wọ́n: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n, kò gbọdọ̀ mú wọn, kódà kò gbọdọ̀ ju bisikíìtì sí wọn. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti máa wò wọ́n bí wọ́n bá jáde nínú omi. Wíwò ni wọ́n fẹ́ o, kì í ṣe igbe.

Igbe náà kò dáwọ́ dúró. Ìyá ọ̀bọ á sọ̀ kalẹ̀, á wá abẹ́ igi, á wá etí omi, á tún padà sórí òrùlé. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú tó jẹ́ máníjà dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó.

"Ọmọ rẹ̀ ni kò rí," ni Hassanat sọ. "Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá tó so mọ́ ọn láyà."

"Ejò á ti gbé e. Bí kò bá dákẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, màá ní kí wọ́n wá fi àwọ̀n mú un lọ. Àwọn ènìyàn ń gba owó wọn padà lọ́wọ́ wa."

Lọ́jọ́ kejì ni Hassanat rí ohun tó kó ìdààmú bá a. Abdulmajeed, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń kọjá lábẹ́ òrùlé náà. Iṣẹ́ sẹ̀kúrítì ló ń ṣe nínú ọgbà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́ ní Òṣòdì ló ti wà nílé láìníṣẹ́, kí Hassanat tó bẹ máníjà pé kó gbà á síṣẹ́; Hassanat náà ló sì ṣe onídùúró fún un. Bí ìyá ọ̀bọ ti fojú kàn án, ó dìde. Ó ṣẹ́ igi gbígbẹ, ó jù ú lù ú, ó tún ju èso, ó fi eyín hàn, ó ń han gooro. Abdulmajeed fapá borí, ó sáré kọjá. Sẹ̀kúrítì kejì gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ẹranko náà ò tilẹ̀ wò ó.

Hassanat rántí báńdéèjì tó wà lápá Abdulmajeed. Wáyà ló ya òun, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún wọn nílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nílé wọn ní Mafoluku, Hassanat bá a níbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ gbé ọmọ ọ̀bọ yẹn lọ?"

Abdulmajeed rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọ̀bọ wo?"

"Ìyá rẹ̀ mọ̀ yín."

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kalẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹyọ kan péré ni. Ṣé wọn ò pọ̀ níbẹ̀ ni? Màmá Diamond ní Ire-Akari ló ní ọmọ òun ń fẹ́ ohun tí á máa bá ṣeré. Wọn ò pa á jẹ. Ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù mí lọ."

"Wọ́n fẹ́ wá mú ìyá rẹ̀ lọ nítorí igbe."

"Kí wọ́n mú un lọ, kí gbogbo wa sinmi."

"Abdulmajeed, gbọ́ mi. Ìwọ lo mú un, ìwọ lo máa lọ gbà á padà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ", láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé wọn. Abdulmajeed wò ó tìyanu-tìyanu. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní òun ti ná owó náà, ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì wọlé lọ.

Ní Sátidé, Hassanat dá lọ sí Ire-Akari. Kò ṣòro láti rí ilé náà, gbogbo àdúgbò ló mọ ilé ọlọ́bọ. Obìnrin kan tó wọ kaftáànì ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n so ọmọ ọ̀bọ náà mọ́ irin fèrèsé. Wọ́n wọ aṣọ bèbí fún un, aṣọ aláwọ̀ osùn tó ní léèsì lọ́rùn. Okùn ti họ irun ìdí rẹ̀ dànù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Hassanat kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí obìnrin náà, ó ṣàlàyé ara rẹ̀ àti ohun tó bá wá.

"Owó ni mo fi rà á," ni Màmá Diamond sọ. "Mi ò jí i."

"Mo mọ̀, Mà. Ìyá rẹ̀ ló ṣì ń wá a. Orí òrùlé ló ń sùn, kò bá àwọn yòókù lọ mọ́."

"Ṣé ó ní màmá ni?" ni Diamond béèrè.

Màmá Diamond wo ọmọ rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó pòṣé.

"Kò tiẹ̀ jẹun láti àná. Ó ń ṣu káàkiri, ó sì ti géyín jẹ ọmọ-ọ̀dọ̀ mi. Ẹ gbé e, kí n tó yí ọkàn padà. Àbúrò ọkọ yín á san owó mi, ẹ sọ fún un."

Hassanat gbé e sínú agbọ̀n, ó fi ìborùn bò ó, ó gbọ̀nà ọgbà lọ tààrà. Abẹ́ igi tó súnmọ́ òrùlé ló gbé agbọ̀n náà sí, ó sì fà sẹ́yìn. Ọmọ náà ké, ohùn tín-ín-rín. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fò sẹ́yìn. Pọ́dà àti ọṣẹ olóòórùn dídùn ló wà lára ọmọ. Ó tún sún mọ́ ọn, ó di léèsì ọrùn aṣọ yẹn mú, ó ń fà á. Ìgbà yẹn ni Hassanat rí i pé òun ti gbàgbé láti bọ́ aṣọ náà. Ẹ̀rù bà á pé kò ní í gbà á. Àfi bí ìyá náà ṣe ki ọmọ mọ́lẹ̀, tó gbá a mọ́yà, tó sì gun igi lọ tòun taṣọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú ti dúró lẹ́yìn Hassanat.

"Níbo lo ti rí i?"

Ó rọrùn láti ní òun rí i lójú ọ̀nà. Hassanat rò ó wò. Ẹni tó mú ọ̀kan lè mú òmíràn, òun ló sì dúró fún ẹni náà. Ó dárúkọ Abdulmajeed.

Wọ́n lé Abdulmajeed níṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Máníjà sọ fún Hassanat pé kó dúpẹ́ pé kì í ṣe àwọn méjèèjì ló ń lọ.

Nílé, Ìyá Mùktárù, ìyá ọkọ rẹ̀, ti gbọ́ kó tó dé. Orí ẹní ló jókòó sí, kò dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Ọmọ ọ̀bọ lo torí ẹ̀ ta ọmọ mi," ló sọ níkẹyìn.

Hassanat kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi." Kò ní òun ṣàṣìṣe, nítorí kò gbà pé òun ṣàṣìṣe. Mùktárù ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Abdulmajeed kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ṣájà fóònù létí rélùwéè ní Òṣòdì.

Hassanat ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí dá a lóhùn. Mùktárù pàápàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ nínú ìkòkò Hassanat.

Lọ́jọ́ Iléyá, Abdulmajeed wá kí wọn. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó awọ àgbò, ó ṣe yẹ̀yẹ́, ó mú Fàthíà ọmọ wọn lé èjìká. Hassanat gbé ẹran díndín wá fún un.

"Ẹ ṣeun, ìyàwó wa," ló sọ, ó sì gba àwo náà.

Hassanat dúró díẹ̀ bóyá ó tún máa sọ nǹkan míì. Ẹran ló ń jẹ. Hassanat yí padà, ó lọ bu ti àwọn ará ilé kejì.