Ọbẹ̀ Tí Màmá Abísọ́lá Kò Fẹnu Kàn

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni Ayọ̀fẹ́mi ti dúró ti ìkòkò, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Tòmátì tó rà ní ọjà Levenshulme pupa lójú dáadáa, àmọ́ omi ló kún inú rẹ̀, àfi bí ẹni pé òjò Manchester ni wọ́n rọ sínú èèpo. Ó ti lọ̀ ọ́ mọ́ tàtàṣé àti ata rodo, ó ti gbé e kaná, ó sì ń wò ó bó ṣe ń hó. Gbogbo ìgbà tó bá fi ṣíbí bù ú tọ́ wò ni ojú rẹ̀ ń fún pọ̀. Ó ṣì kan.

"Jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ pátápátá kó o tó da òróró sí i," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un láti Abẹ́òkúta, kí káàdì ìpè tó já mọ́ wọn lẹ́nu. "Má kánjú. Ìkánjú rẹ ló ń kan, kì í ṣe tòmátì."

Báwo ni kò ṣe ní kánjú? Màmá Abísọ́lá ń bọ̀ wá jẹun àárọ̀. Lọ́la ni màmá náà ń padà sí Ṣàgámù, bẹ́ẹ̀ Abísọ́lá ti sọ tirẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

"Mo fẹ́ràn ẹ, Ayọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí inú Mọ́mì ò bá yọ́ sí ẹ, mi ò ní lè fẹ́ ẹ. Mi ò lè ṣe é lẹ́yìn wọn."

Inú Mọ́mì kò sì jọ ẹni tó fẹ́ yọ́. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n wá láti Old Trafford, níbi tí wọ́n dé sí lọ́dọ̀ Àǹtí Àdùnní, àbúrò ọkọ wọn tó tọ́ Abísọ́lá dàgbà nílùú yìí. Ayọ̀fẹ́mi gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ tòmátì síwájú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "O ṣeun, arákùnrin. Mo ti yó." Kódà omi tó bù fún wọn, wọn ò fẹnu kàn án. Ike omi tiwọn ni wọ́n yọ nínú báàgì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó bá a pé ó kan gógó. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Òórùn kíkan ni màmá gbọ́ tí wọ́n fi sá fún un.

Ìṣirò ni Ayọ̀fẹ́mi ń kọ́ ní yunifásítì. Bí ohun kan bá ti rú u lójú, kì í lè sùn títí yóò fi tú u. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti ń se ọbẹ̀ tòmátì. Ọjọ́ kan ó fi ṣúgà sí i, ó dà bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Ọjọ́ kan ó da àlùbọ́sà púpọ̀ sí i, ó dùn lápá kan, ó korò lápá kejì. Mọ́rúfù tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà ló jẹ gbogbo rẹ̀.

Mọ́rúfù wọlé báyìí láti ibi iṣẹ́ ní Wigan, bàtà ẹ̀ṣọ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọbẹ̀ tún ni?" ló wí. "Ayọ̀, bí mo bá gé ara mi báyìí, tòmátì ló máa jáde."

"Tọ́ ọ wò, jọ̀ọ́."

Mọ́rúfù tọ́ ọ wò. Ó dijú. Ó la ọ̀kan.

"Òtítọ́ ni kí n sọ, àbí ohun tó o fẹ́ gbọ́?"

"Òtítọ́."

"Ó ti ń sún mọ́ ọn. Fi í sílẹ̀ lórí iná, kí o má tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ìwọ lò ń yọ ọ́ lẹ́nu." Ó wo òkè àjà. "Ṣé o mọ̀ pé Andrew ti yọ nylon wa kúrò lára nǹkan yẹn?"

Andrew ni ọkùnrin tó máa ń wá yẹ ilé wò fún onílé. Nǹkan yẹn ni aago tó ń ké bó bá ti rí èéfín. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fi nylon dì í lórí, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé tó ń jó àti ata tí wọ́n ń dín.

Kí Ayọ̀fẹ́mi tó wá nylon mìíràn, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ó sáré, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn, mà."

"Káàárọ̀, arákùnrin. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Arákùnrin. Bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn, àfi bí ẹni pé kò lórúkọ. Wọ́n jókòó sétí àga, wọn ò bọ́ kóòtù, báàgì wọn wà lórí itan. Abísọ́lá jókòó tì wọ́n, ó ń wo Ayọ̀fẹ́mi bí ẹni tó ń wo èsì ìdánwò.

Ayọ̀fẹ́mi ti da òróró sí ọbẹ̀ wàyí, edé gígún ti wọ inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Ó kọ́kọ́ gbé iṣu wá, funfun, èéfín ń rú lórí rẹ̀.

"Mọ́mì, ọbẹ̀ ń bọ̀ lórí iná. Kò ní pẹ́, mà."

Màmá wo iṣu náà. Wọ́n gbé itọ́ mì. Ayọ̀fẹ́mi fojú ara rẹ̀ rí ọ̀fun wọn tó lọ sókè, tó bọ̀ wálẹ̀.

"O ṣeun, arákùnrin," ni wọ́n wí. "Mo ti yó."

Ó padà sí ilé ìdáná, Abísọ́lá sì tẹ̀ lé e.

"Ṣé ó tún ń kan ni?" ni Ayọ̀fẹ́mi bi í wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn?"

"Òórùn wo? Èmi gan-an, itọ́ ń yọ lẹ́nu mi."

"Kí ló dé nígbà náà? Wọ́n kórìíra mi."

"Bí wọ́n bá kórìíra ẹ, ṣé wọ́n á jẹ ìrẹsì ẹ?"

"Ìrẹsì wo?"

"Èyí tó o sè fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. O wà lẹ́yìn, ò ń fọ ìkòkò. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo sè é. Wọ́n ní kí n lọ bù sí i wá."

Ayọ̀fẹ́mi dúró gbagidi. Ọwọ́ kan náà ló se ìrẹsì yẹn. Ata kan náà ni. Kí ló wá yàtọ̀? Ó ti ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ìkòkò mọ́. Òórùn jíjóná ló kọ́kọ́ dé. Kó tó nawọ́ sí iná, aago òkè àjà figbe bọnu.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Màmá ti fò dìde. "Kí nìyẹn? Abísọ́lá, ilé ń jó o!"

"Kò jó, Mọ́mì, ata ni!"

"Ata wo ló ń ké báyẹn?"

Wọ́n ti dé ìta kí ẹnikẹ́ni tó lè dáhùn. Mọ́rúfù gun àga, ó ń fi táwẹ̀lì lé èéfín. Ayọ̀fẹ́mi pa iná, ó sáré jáde tọ màmá lọ láti tọrọ àforíjì.

Wọ́n jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà ní igun òpópónà. Wọ́n ti yọ ẹ̀pà nínú báàgì, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ kíákíá, ẹ̀kúnwọ́ tẹ̀ lé ẹ̀kúnwọ́, bí ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná.

Ayọ̀fẹ́mi dúró. Ṣé ẹni tó ti yó ló ń jẹ ẹ̀pà báyìí? Wọ́n jẹ ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà ní títì. Nínú ilé òun, omi lásán kò gba ọ̀nà ọ̀fun wọn kọjá.

Ìgbà náà ni ó rántí bàbá rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí ọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Bàbá lọ kí ọkùnrin náà nílé. Nígbà tí wọ́n padà wálé, wọ́n gbé ife omi sẹ́nu, wọn ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi gbẹ, ìyá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè wá tọrọ ọmọ o, kí òùngbẹ má baà pa yín." Lójú àwọn àgbà ilé wọn, òbí kì í jẹ, kì í mu, lábẹ́ òrùlé ọkùnrin tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò tíì wá tọrọ ọmọ. Màmá ò sì lè fẹnu ara wọn sọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé wọ́n ń ti ọmọ wọn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òrùlé ni! Kì í ṣe tòmátì rárá.

Ó sáré wọlé. Ọbẹ̀ ti jóná nísàlẹ̀. Ó rọra bu òkè rẹ̀, kò jẹ́ kí ṣíbí kan ìdí ìkòkò. Ó kó iṣu sínú abọ́ kan, ó fi ìnujú borí rẹ̀, ó sì jáde.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dé pákì ìgbafẹ́ tó wà níwájú yẹn," ló wí. "Àga wà níbẹ̀."

"Pákì? Nínú òtútù yìí? Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ti kánsù ni, mà. Kì í ṣe tèmi. Kò sì ní òrùlé."

Màmá dẹ́kun ẹ̀pà jíjẹ. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún wò ó padà.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára kóòtù, wọ́n sì kọjú sí pákì.

Wọn ò tíì jókòó tán tí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Abísọ́lá, tó ti tẹ̀ lé wọn wá, ṣí agbòjò lé wọn lórí.

"Hẹ̀n-ín," ni màmá wí, ojú wọn le. "Ṣé òrùlé kọ́ nìyẹn?"

Abísọ́lá ti fẹ́ẹ́ pa agbòjò náà dé.

"Má pa á dé, jàre! Ṣé o fẹ́ kí òjò bomi la ọbẹ̀ ni?"

Wọ́n gbàdúrà ráńpẹ́. Wọ́n bu iṣu, wọ́n rì í sínú ọbẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, ajá kan wá, ó gbóòórùn, olówó rẹ̀ fà á lọ.

"Ó jóná nísàlẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ṣùgbọ́n o ò ha ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni, mà. Abẹ́òkúta ni wọ́n wà."

"Ẹni tó kọ́ ẹ gbìyànjú." Wọ́n tún bu iṣu. "Mo fẹ́ rí wọn. Kí àwọn bàbá ẹ náà bá wọn wá. Ṣàgámù ò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Kí wọ́n kàn jẹ́ kí n tètè gbọ́, kí n lè mọ iye iṣu tí n ó rà."

Abísọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Agbòjò yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì dà sí màmá lọ́rùn.

"Abísọ́lá! Ṣé o fẹ́ pa mí kí wọ́n tó dé ni?" Wọ́n yí padà sí Ayọ̀fẹ́mi, wọ́n na abọ́ òfìfo sí i. "Ṣé iṣu kù nínú ilé?"

"Ó kù, mà."

"Kí lo wá dúró ń wò, Ayọ̀fẹ́mi?"

Ó ti sáré dé ìdajì ọ̀nà kó tó yé e pé orúkọ òun ni wọ́n pè.