Omi Tí A Kò Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ìyá Òṣùwọ̀n ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ẹran alágolo náà ń pè é, nítorí òun ló ń wọn kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, nínú ẹran lílọ̀. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ tó ń ya ẹran kúrò lára egungun ti lọ egungun mọ́ ẹran nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló sì ti ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Òṣùwọ̀n sun ẹran díẹ̀ di eérú, ó fi ásíìdì yọ́ ọ, ó bu omi là á, ó wá ń kán oògùn sí i títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Bí ẹ̀kán oògùn bá ṣe pọ̀ tó ni kálísíọ́mù ṣe pọ̀ tó. Iye tó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, ó sáré wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.

“Àbúrò mi, tún un wọ̀n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi de ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ.”

“Ṣé mo ní kó o purọ́ ni? Mo ní kó o tún un wọ̀n.”

“Bí mo bá tún tiyín wọ̀n, wọ́n á ní torí pé ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ó dáa, Ìyá Òṣùwọ̀n! Ká ní àlejò ni mí, ò bá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ìyá Òṣùwọ̀n fọwọ́ sí ìwé àbájáde náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ti dáná sun gbogbo ẹran náà.

Ní ọjọ́ kejì, ara Ìyá Òṣùwọ̀n kò balẹ̀. Ó ṣe ohun tí òfin ní kí ó máa kọ́kọ́ ṣe láràárọ̀, tí ó ti ń fò dá nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá kò tíì rí nǹkan kan níbẹ̀: ó wọn omi lásán, láìsí ẹran nínú rẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló yẹ kí ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀kán mẹ́tàdínlógún ló gbà; kálísíọ́mù ti wà nínú omi náà fúnra rẹ̀.

“Mọ̀mí,” ni obìnrin tó ń fọ ìgò wí, “ohun tí a fi ń sẹ́ omi ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Omi kànga ni mo rọ síbẹ̀. Mo ṣe bí ẹ máa ń wọ̀n ọ́n ni.”

Ó gba iyàrá ọ̀gá lọ.

“Ẹran ti di eérú,” ni ọ̀gá wí. “Kí lo fẹ́ tún wọ̀n? Mo ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ. Bí o bá kọ èyí síwèé, ìwọ náà á bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.”

Ó kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀bi omi ni. Ẹran yín lè máà ní egungun rárá.”

“Lè máà ní?”

“A ò lè mọ̀ mọ́. Wọ́n ti sun ún.”

“O sọ fún wọn?”

“Mo kọ ọ́. Wọ́n lé èmi náà. Wọn ò sì ní gbà yín padà.”



“Èmi sọ fún ọ pé ọwọ́ mi mọ́, o ò gbà. Omi sọ ọ́, o gbà. Lọ sílé. Ìdáríjì tó o wá tọrọ, mi ò tíì ní in.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.