Balkissou Mẹ́rin, Àwòrán Kan

Ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré ni ìlú fẹ́ gbé àwòrán obìnrin eléré ìdárayá kan kọ́ sí, Balkissou sì fẹ́ kó jẹ́ tòun, kí ojú ìyá rẹ̀ tó fọ́ pátá. Láti èṣí ni ojú ọ̀hún ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo eré tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ tó ń mú wálé nìkan ni màmá náà tíì rí.

Balkissou kì í ṣe ẹni à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó sáré, ó gba ife. Ó wẹ ọ̀sà já, ó tún gba ife. Ó fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún ẹgbẹ́ àdúgbò Houinmè, nígbà tí orúnkún rẹ̀ sì ní ó tó gẹ́ẹ́, ó fi eré petánkì kún un, ó ń ju ọta irin pẹ̀lú àwọn bàbá arúgbó àdúgbò Akron títí wọ́n fi ń sá fún un.

Ẹgbẹ́ eré kọ̀ọ̀kan ló wá fi dosíè tirẹ̀, ìwé tó sọ nípa eléré tó yàn, ránṣẹ́ sí biro, ọ́fíìsì ìlú tó máa mú ẹni tó ni àwòrán. Mouritala, akọ̀wé ibẹ̀, ka dosíè mẹ́rin, ó rí Balkissou mẹ́rin. Obìnrin náà ṣàlàyé títí pé òun nìkan ni gbogbo wọn. Akọ̀wé mi orí. Ó ní dosíè kọ̀ọ̀kan ló sọ pé obìnrin náà kò pa ìgbáradì aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ jẹ rí. Báwo lèèyàn kan ṣe máa wà níbi mẹ́rin?

“Mo máa ń sáré láti ibì kan dé èkejì ni.”

“Tantí, ìyẹn ò sí nínú dosíè.”

Olóòótọ́ ni Mouritala, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́, ó ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sáré lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá borí ló ni àwòrán.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi ẹfun la ọ̀nà mẹ́rin. Balkissou dúró sórí ọ̀kan. Wọ́n retí àwọn mẹ́ta yòókù fún wákàtí kan gbáko. Mouritala pe Balkissou lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta ló dáhùn, lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó dákẹ́, kó jẹ́ kí olórúkọ dáhùn. Wọ́n fun fèrè. Ó sáré, orúnkún ń ké, ó dé. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ló ba àwọn yòókù.

Wọ́n gbé àwòrán kọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Balkissou, ẹni tó borí akọni obìnrin mẹ́ta.” Ó bí i nínú, kí n má parọ́. Síbẹ̀ ó mú ìyá rẹ̀ lọ. Màmá sún mọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúà. Ó ní kó ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Nígbà tó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ fà ro.

“Àwọn mẹ́ta tó o borí yẹn, ìyá wọn ńkọ́?”

“Ìyá kan ló bí wọn, Màámi. Òun náà wá. Ojú rẹ̀ sì tó ọmọ rẹ̀.”

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bá mi kí i,” ó ní. “Sọ fún un pé kó má bínú sí wa.”