Eré Mọ́tò Agolo ní Iwájú Ilé Wa

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2023, Ràhmán ọmọ mi kú. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Azeezah, sílẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn, Qoreebah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Òun ló dá eré mọ́tò agolo sílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Ìtúnu Ààwẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan a fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, wọ́n a gé táyà rẹ̀ lára sálúbàtà tó ti gbó, wọ́n a sì gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, láti fi sáré. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé kò gbọdọ̀ bá wọn fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún náà ń parí lọ, Sheriffdeen, ọ̀rẹ́ Ràhmán, wá bi mí bóyá eré yóò wáyé. Mo ní kò ní sí, nítorí opó wà nílé. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti kan fèrèsé yàrá Azeezah tó kọjú sí títì pa, kí ariwo ìta má baà yọ ọ́ lẹ́nu, kí àwọn èèyàn má sì máa wò ó lójú. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Qoreebah gbé mọ́tò kan wá bá mi. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe é kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, màmá mi ò tíì rí i tó ń sáré. Ṣé opó ò gbọdọ̀ wòran ni?"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo lọ bi Àfáà wa. Ó ní lóòótọ́, opó kì í jáde lọ wo eré. Ó wá bi mí pé, "Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ kan fèrèsé mọ́ ọn?" Mo ní èmi ni.

Bí opó kò bá lè lọ sí ibi eré, eré ni yóò wá bá a. Ṣùgbọ́n iwájú ilé wa tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta páànù lọ́jà. Mo gbé mẹ́ta jáde, èmi àti Sheriffdeen gbé orí wọn lé àgbá, a fi pákó gbé wọn ró lábẹ́, kí táyà lè máa gba inú kòtò páànù. A dán an wò. Mọ́tò náà fò, ó fi imú gúnlẹ̀.

"Bàbá, pápá ọkọ̀ òfurufú lẹ ṣe yìí," ni Sheriffdeen wí. A gbé e wálẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èrò kún títì. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Baoulé, ọmọ onílẹ̀, náà gbé tiwọn wá. Kí ẹnikẹ́ni tó sáré, mo wọlé, mo fa ìṣó fèrèsé náà yọ. Azeezah dìde dúró.

"Mo ṣe àṣìṣe," ni mo sọ fún un. "Jókòó, kí o wòran."

Ariwo páànù dà bí òjò. Mọ́tò Qoreebah àti ti Lùkmọ́nù, ẹni tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, bọ́ sílẹ̀ pọ̀. Ti Lùkmọ́nù yà kúrò lọ́nà, ó dojú kọ gọ́tà. Ẹnìkan bi í bóyá ìlú Diabo ni tirẹ̀ ń lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ní èrò tí òun fẹ́ já síbẹ̀.

Ti Qoreebah dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ìlà ìparí eré. Kò gba ipò kankan. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ìlà. Fèrèsé ló kọjú sí.

"Màmi, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i," ni Azeezah dáhùn. "Tún jẹ́ kó sáré, kí n tún wò ó."

Àwọn èèyàn yà fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún jẹ́ kó sáré, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Nígbà tí gbogbo wọ́n lọ tán, èyí ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú ilé: fìlà ọmọdé kan, ọ̀rá omi tí n kò lè ka iye rẹ̀, àga onígi kan, ti ará Baoulé tó wà ní òdìkejì títì, sípóòkù kẹ̀kẹ́ méjì tó ti wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń so táyà mọ́ mọ́tò, àti táyà kéékèèké mẹ́fà, tí kò sí èyí tó bá èkejì mu nínú wọn.