Ìparí Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yọ́ sórí fàráńdà Màmá Ọlátóún ní Ìkirè. Ó ń yọ́ sórí ẹní, ó ń yọ́ sórí àga, ó ń yọ́ sórí ẹsẹ̀ àwọn mẹ́rin tó jókòó yí àwo dòdò ká. Dòdò Ìkirè, tó dúdú kirikiri, tí epo ń dán lára rẹ̀ nínú ewé. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, nítorí ọwọ́ elépo kì í ṣí ìwé.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pàdé. Kò sí alága, kò sí akọ̀wé. Ẹnì kan á ní, ohun tí mò ń kà lọ́wọ́ rèé. Èkejì á ní, ẹ wá ka tèmi wò. Bí ará àdúgbò ṣe ń fún ara wọn ní ẹyín iná, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ara wọn ní ìwé.

Jọláadé, ọmọbìnrin tó ń ṣe irun lẹ́bàá ọjà, ti sọ tirẹ̀. Orí fóònù ló ti ń ka ìtàn obìnrin ọdẹ kan, ó sì búra pé ẹni tí kò bá tíì kà á kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù. Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti sọ tirẹ̀ náà: ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń sin oyin.

"Oyin kẹ̀, Bàbá?" ni Jọláadé wí.

"Oyin ni. Ẹ kà á ná, kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín."

Ó wá kan Màmá.

Fadérera, ọmọ àdúgbò, jókòó lẹ́sẹ̀ Màmá, ó ń wo ilẹ̀. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, ìtàn wà nínú ìwé. Ohun tó wà láyà rẹ̀ kò sí lórí itan, kò sí nínú ìtàn.

Màmá ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì máa ń kàwé lórí ìdúró, ó máa ń kà á nígbà tí ọbẹ̀ bá ń hó lórí iná. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, Fadérera ló di ojú fún un. Bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta òògùn, á yà wọlé, á jókòó, á ṣí ìwé. Màmá á ní, "Kà á lọ, ọmọ mi." Á sì kà á lọ.

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa yìí ni wọ́n kà kẹ́yìn. Ìtàn ìyá kan ni, tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀. Ó ń dúró dè é, kò dé. Òjò dé, kò dé. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò dé. Màmá náà sì ní ọmọ kan lẹ́yìn òkun, Bándélé, tí ohùn rẹ̀ ti dàwátì lórí fóònù tipẹ́tipẹ́. Bándélé, tí kò bá ẹnikẹ́ni délé mọ́. Bí ìtàn ṣe ń lọ sópin, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń di ọwọ́ Fadérera mú, tó ń fún un, tó ń fún un. Ojú Fadérera sáré ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ojú ti rí òpin kí ẹnu tó débẹ̀. Ọmọ kò dé.

Ni ẹnu bá yà kúrò lójú ìwé. Ó ní ọmọ dé. Ó ní ìlẹ̀kùn dún, àpò já lulẹ̀ ní ìloro, ohùn kan sì wí pé, "Ìyá mi, mo ti dé." Irọ́ ni. Àmọ́ ìró rẹ̀ dùn. Ó dùn débi tí Màmá fi sunkún, tó fi rẹ́rìn-ín, tó ní kí wọ́n bá òun ṣí yàrá Bándélé, kí wọ́n gbá a, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Òórùn ọ̀dà náà ṣì wà níhìn-ín. Ó ń gba ojú fèrèsé jáde, ó ń gba imú Fadérera wọlé.

"Ẹ gbọ́ o," ni Màmá wí, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí èjìká Fadérera, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìwé tí mo fẹ́ kí gbogbo yín kà rèé. Ẹ má jẹ́ kí ìbànújẹ́ inú rẹ̀ lé yín padà. Ẹ rọ́jú. Ọmọ náà á dé. Ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kùn."

Ara Fadérera gbóná bí ara ẹni tó jókòó ti ààrò.

"Àǹtí Fadérera, ẹ gbé e fún mi," ni Jọláadé wí, ọwọ́ rẹ̀ ti nà síwájú. "Èmi ni màá kọ́kọ́ kà á."

Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí gbójú sókè. Ó wo ìwé, ó wo Màmá. "Màmá, ẹlẹ́yìn pupa yìí náà ni? Mo ti kà á rí o, ṣùgbọ́n…"

Ó wá wo Fadérera. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí àwo, ó mú dòdò kan, ó sì fi dí ara rẹ̀ lẹ́nu.

Àánú ni. Fadérera mọ̀ pé àánú ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí ọkàn rẹ̀ sì ń wá gan-an nìyẹn, kí tara rẹ̀ bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Jọláadé ṣì nà síwájú. Ṣùgbọ́n òórùn ọ̀dà kò dákẹ́.

"Màmá," ó ní. "Ọmọ náà kò dé."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ inú ìwé, Mà. Èmi ni mo mú un dé. Ẹ di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè kà á bó ṣe wà."

Ọwọ́ tó wà lórí èjìká rẹ̀ gbéra. Kò gbá a, kò tì í. Ó kàn gbéra ni, bí ẹyẹ ṣe ń gbéra lórí ẹ̀ka tó mì. Èjìká Fadérera fúyẹ́, fífúyẹ́ náà sì wúwo.

"Ojú mi ló fọ́," ni Màmá wí jẹ́jẹ́. "Ojú nìkan ni. Ta ló sọ fún ọ pé mo ti padà di ọmọdé?"

Fadérera ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà."

"Gbogbo èyí tí o ti ń kà fún mi bọ̀ ńkọ́? Èwo ni ti ìwé? Èwo ni tìẹ?"

"Èyí nìkan ni, Mà. Ìparí yìí nìkan."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó bá jáde lẹ́yìn irọ́, títiro ló máa ń tiro.

"Kà á," ni Màmá wí. "Bó ṣe wà ni kí o kà á."

Ó ṣí i. Ó wá ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó kà á: ìyá náà jí ní òwúrọ̀, ó fọ aṣọ, ó sá a sórí okùn. Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú. Ó wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Òjò ń bọ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé.

"Ó tán?"

"Ó tán, Mà."

"Kò kú?"

"Kò kú, Mà."

"Kò sunkún?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Mà."

Màmá mí kanlẹ̀. Ojú tí kò ríran mọ́ kò gbàgbé omi. Omi náà ń ṣàn, kò sì nù ún.

"Tíṣà. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa kàwé fún mi."

Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí mi orí. Ó wá rántí pé Màmá kò lè rí orí tí ó mì. "Ó dáa, Mà," ló wí, bí ẹni tó ń gba ẹrù ẹlẹ́rù.

Fadérera kò jiyàn. Ó pa ìwé dé, ó gbé e lé Jọláadé lọ́wọ́, ó sì jókòó padà sílẹ̀, ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró.

Ètè Màmá ń mì. Ó ń tọ́ gbólóhùn náà wò, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. "Ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé." Ó wí i bí ìbéèrè. Ó tún wí i, bí ìdáhùn. "Ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé."

Ẹnu Fadérera ń tẹ̀ lé e, láìní ohùn. Ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé. Ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé.