Dùùrù Orí Páálí

"Kò ní í tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, Mọ́mì Raodah. Á kàn máa gbé ọwọ́ lọ gbé ọwọ́ bọ̀ lórí ẹ̀ ni. Inú fóònù mi ni orin yẹn á ti máa jáde."

Yétúndé rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin léni lọ́wọ́. Basheerah dá ọwọ́ tó fi ń to agolo mílíìkì dúró. Ọ̀sán Ẹtì ni, àwọn ọkùnrin ọjà Agbójú ò tíì ti ìrun Jímọ̀ dé, ọjà sì ń tòògbé. Ọ̀la ni ìkówójọ tí wọ́n fẹ́ fi ra dùùrù fún ilé-ẹ̀kọ́ Raodah.

Yétúndé kì í ṣe àjèjì. Fẹ́sítáàkì ni wọ́n bí i sí, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí Raodah ń lọ yìí ló ti ka ìwé mẹ́fà kó tó di ẹni tó ń wọ bàtà gogoro lọ síbi iṣẹ́. Òun ló gbé ẹ̀kọ́ orin wọ ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Bàbá Ọláníran tó ti fi ogójì ọdún tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ́ wọn. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, dùùrù kan ò sí. Kí ni bàbá ṣe? Ó gé páálí sí gbọọrọ, ó fi máákà ya ojú ìtẹ̀ funfun àti dúdú sí i, ó ní kí oníkálukú máa tẹ tirẹ̀, òun á sì máa fi ẹnu kọ ohùn tí ìka wọn bá tẹ̀. Ọ̀dọ̀ Basheerah ni àwọn páálí náà ti ń wá. Páálí tó kó bísíkíìtì wọ ọjà lọ́jọ́ Ajé lè di dùùrù kí ó tó di Ọjọ́bọ̀.

Basheerah bèèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yétúndé ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Àpò òun ni owó ọkọ̀ bàbá ti ń jáde látọdún tó kọjá, àpò náà sì ti gbẹ. Bí ọ̀la ò bá so èso, ẹ̀kọ́ orin parí nìyẹn. Olóyè Fọláránmi tó fẹ́ ṣe alága sì ti sọ pé bí ohun tí òun bá rí bá wu òun, òun nìkan á ra dùùrù mẹ́jọ, òun á sì máa sanwó bàbá fún ọdún méjì. Ṣé orin tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń fi ìka mẹ́rin wá kiri ni kí àwọn wá gbé síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

"Àwọn olówó kì í náwó sí nǹkan tí ò tíì dùn, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yẹ kí Basheerah kọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Nínú ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, tirẹ̀ ni wọ́n mú. Òun tó ti Ìsẹ́yìn wá sí Èkó pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ọmọ òun ló fẹ́ jókòó níwájú olóyè yìí, tí gbogbo Amúwo á máa wò ó. Ó ní kò burú.

Nígbà tí Raodah ti ilé-ìwé dé, ìyá rẹ̀ ti nà sórí ẹní lẹ́yìn káńtà. Ó ti di àṣà wọn: ọmọ á jókòó tì í, á sì máa tẹ orin rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Basheerah kì í gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ ara rẹ̀ mọ orin náà. Ìka méjì lápá òsì, á dúró díẹ̀, ìka kan á sáré la àárín ẹ̀yìn kọjá bí ẹni tó ń sá fún òjò, á tún rọra padà. Oorun á máa gbé e lọ. Á bá ara rẹ̀ lágbo ilé ìyá ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ta òwú òfì gbọọrọ gba àgbàlá kọjá, funfun, dúdú, funfun, tí ọwọ́ kékeré kan ń gbá a lọ gbá a bọ̀, tí gbogbo ilé ń kọrin láìya ẹnu. Bó bá jí, kò ní í rántí ju pé ó dùn lọ.

Lọ́jọ́ yìí, kí oorun tó gbé e, ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà ṣe lọ́la fún un. Ìka dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà á wá, àbí?"

"Màá wá."

"Ẹ ò wá ní í gbọ́ tèmi nìyẹn."

Basheerah ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ohun tí àgbà bá ní kí ọmọdé ṣe ni kó ṣe. Ó di ojú. Ṣùgbọ́n oorun ọjọ́ náà ò gbé e dé Ìsẹ́yìn.

Ọyẹ́ ló jí bo Fẹ́sítáàkì lówùúrọ̀ Sátidé. Igi, ògiri, títí kan àtíbàbà mẹ́ta tí wọ́n pa sí àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn rí bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n. Àwọn òbí wá, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ tipẹ́ wá, kódà àwọn ará àdúgbò Raji Rasaki tí ọmọ wọn ò lọ síbẹ̀ wá. Dùùrù gidi kan tí ṣọ́ọ̀ṣì yá wọn wà lórí tábìlì. Láti ọjọ́ méjì tó ti dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀. Bàbá Ọláníran ti gbọ́ ètò tí wọ́n ṣe. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn lọ jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá.

Wọ́n pe Raodah. Ó wọ ìjáàbù funfun, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé dùùrù. Yétúndé tẹ fóònù rẹ̀.

Orin náà dùn, kí a sọ tòótọ́. Ó rọra ń ṣàn láàárín ọyẹ́ yẹn, tí ojú àwọn ènìyàn ń rọ̀, tí obìnrin kan tilẹ̀ gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. Olóyè Fọláránmi ń mi orí. Ẹni tó jókòó ti Basheerah bèèrè bóyá ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ò mọ orin yìí. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń yìn, ọmọ òun sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni. Ojú ti Basheerah débi pé kò lè gbé orí sókè mọ́.

Nígbà tó máa fi wò ó padà, Raodah ti gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí dùùrù, ó ti kó wọn lé itan. Orin ṣì ń lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti àwọn Yétúndé ò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn gbà á. Yétúndé ń ṣẹ́jú sí Basheerah, ó ń fọwọ́ júwe pé kó bá òun sọ fún ọmọ kó gbé ọwọ́ padà. Raodah náà ń wo ìyá rẹ̀, ó ń retí àṣẹ. Bí Basheerah bá mi orí lẹ́ẹ̀kan báyìí, ọmọ náà á gbọ́ràn.

Ó dìde, ó lọ bá Yétúndé.

"Àǹtí Yétúndé, ẹ jẹ́ kó dákẹ́."

Omi ti lé sójú Yétúndé. Ó pa orin náà.

"Tẹ tìẹ," Basheerah sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ, ó dúró, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìka méjì. Ó dúró díẹ̀. Ìka kan sáré kọjá, ó ṣìnà, ó padà wá ọ̀nà. Orin tí Basheerah ti ń fi ẹ̀yìn gbọ́ látọjọ́ yìí, etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ọ. Kò dùn tó ti inú fóònù. Síbẹ̀ ẹkún ló ń gbọ̀n ọ́n.

Raodah ò tíì parí rẹ̀ nígbà tí Olóyè Fọláránmi dìde. Kò bínú, kò sì pariwo.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná," ó sọ fún Yétúndé. "Tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ wá pè mí."

Ẹni tó tẹ̀lé e wá ti ń gbé báàgì rẹ̀. Ọmọ náà dáwọ́ dúró. Láti ìgbà tí Basheerah ti wà ní Èkó, kò bá irú ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, àfi bó bá wá ra nǹkan. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì wá. Irọ́ la pa fún yín, mo sì mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, torí pé kò tíì mọ̀ ọ́n náà la ṣe pè yín."

Basheerah ò dúró gbọ́ èsì. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún, ó lọ dúró ti tábìlì.

"O ò tíì parí ẹ̀," ó sọ fún Raodah. "Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ọmọ náà ń fi ìka wá ibi tó ti dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i. Lẹ́yìn wọn, àga dún. Olóyè ti tún jókòó.