Ẹríálì Aago Mẹ́rin

Ó ti rẹ Ládiípọ̀ kí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Láti ìdájí ló ti wà ní Dublin Port, tó ń já ẹrù sílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí, nígbà tó sì máa fi padà délé ní Corduff lọ́sàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ ti le gbagidi. Ẹni tó ku ọdún méjì kó pé ọgọ́ta, tó ṣì ń gbé páálí bí ọmọ ogún ọdún, kò yẹ kí èèyàn tún bi í pé báwo ni ara. Ibùsùn ló ń wù ú. Ṣùgbọ́n aago méjì ti kọjá, aago mẹ́rin sì ni Ìtẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Rédíò kan ṣoṣo tí Ládiípọ̀ ní ló wà nínú mọ́tò, mọ́tò ò sì ní ẹríálì mọ́.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ló wa mọ́tò wọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ mọ́tò. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà pé kí olúkúlùkù tú ẹríálì rẹ̀ kó tó wọlé. Ó kà á tán, ó ní kò kan òun. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ ṣẹ́ ẹ bí ẹni ṣẹ́ pákò. Mẹkáníìkì tó pè ní ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Rédíò àdúgbò kékeré ni rédíò tí à ń wí yìí, òpin ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n fún un láṣẹ, èèyàn ò sì lè gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ká ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni ọmọ náà fẹ́ sọ ni, bóyá ì bá ti lọ sùn. Yorùbá ló ní òun máa sọ. Nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, olùkọ́ rẹ̀ kan sọ fún Ládiípọ̀ pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ló ń fa ọmọ sẹ́yìn, kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé ìgbélùú gbà kì í bá olùkọ́ jiyàn. Ó gba èdè náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Láti ìgbà náà, bó bá fi Yorùbá pè é, òyìnbó Dublin ló fi ń jẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọjọ́ tí ọmọ kọrin nílé ìwé, Ládiípọ̀ wà níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tó gboyè, ó wà níbi iṣẹ́. Ní báyìí ó ti ṣèlérí pé òun máa gbọ́ tòní, bó bá sì tún tàsé rẹ̀, kò mọ ojú tí òun máa fi wò ó.

Ó mú ẹríálì tuntun tó rà ní Phibsborough, ó gun àpótí, ó gbé e lé òrùlé mọ́tò, ó ń yí i. Kò wọ̀. Ó yí i títí apá fi ń ro ó. Abọ́dúnrìn, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ń kọjá, ó sì dúró wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, akọ lẹ fẹ́ dè mọ́ akọ yìí o. Wọn ò lè fẹ́ra wọn. Ẹ fi yoke yẹn, ẹríálì yẹn, sílẹ̀ jàre, ẹ lọ sùn. She'll record it, it'll be grand."

Òótọ́ ni. Ìdí tuntun yọ ṣóńṣó, orí òrùlé náà yọ ṣóńṣó. Bó bá sì ní òun ń padà lọ pààrọ̀ rẹ̀, aago mẹ́rin á ti kọjá. Abọ́dúnrìn bá tirẹ̀ lọ. Inú bí Ládiípọ̀ sí ara rẹ̀, ó fẹ́ sọ ẹríálì náà sínú koríko. Kó tó jù ú, ó tún wo òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí ìpẹtà yí ṣóńṣó náà ká. Àṣé ẹsẹ̀ ẹríálì tó kán ló kù síbẹ̀. Abo ni ihò orí òrùlé, òkú akọ ló dí i lẹ́nu.

Ó wọ kíṣìnnì, ó mú òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò, ó kán an sí i. Ó ní kó rin díẹ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò láti dúró dè é, oorun sì gbé e lọ pátápátá.

Nígbà tó ta jí, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó fò jáde, ó fi ẹ̀mú gbá kùkùté náà mú, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ yí i. Ó gbọ́ ọ ketekete nígbà tí ìpẹtà náà já. Ó tú u jáde, ó de tuntun, ó wọ̀ wẹ́rẹ́. Ó tan rédíò.

"Orúkọ mi ni Ìtẹ́olúwa," ohùn ọmọ rẹ̀ ń wí, ó ń rọra gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. "Mo fẹ́ kí daddy mi. Wọ́n ń gbọ́ mi nínú mọ́tò. Daddy, ẹ kú ìṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé Dublin, ẹ kú ìṣẹ́."

Iṣẹ́ ló fẹ́ sọ. Ohùn ló wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wálẹ̀, ló bá di pé ó ń kí bàbá rẹ̀ kú òṣì lójú gbogbo ayé. Nílé, èébú ni. Ẹ̀rín pa Ládiípọ̀, ó rín in títí, kó tó mọ̀ pé ẹkún lòun ń sun. Láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, gbogbo èèyàn ló ń kí i kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kí i fún ìṣẹ́ tó ṣẹ́ ẹ rí.

Kò pẹ́, fóònù dún. "Daddy, did you hear it? Did I say it right?"

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo bà á jẹ́, ìwọ kọ́. Wí tẹ̀ lé mi. Iṣẹ́."

"Ìṣẹ́."

"Má jẹ̀ẹ́ kó wálẹ̀. Iṣẹ́."

"Ìṣẹ́. Ah, Daddy, you're wrecked, go to bed."

Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó sì tún un wí fún un.